Ọjọ́ tí Ẹ-jẹ́-n-padà Kò Padà

Ẹ-jẹ́-n-padà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ gidi, ṣùgbọ́n inú ìwé ìdìbò nìkan ni orúkọ yẹn kù sí. Mi ò sì lè dá àdúgbò lẹ́bi. Bí ẹ bá bá a wọ ọkọ̀, ẹ ò tíì ní kọjá ilé epo tí yóò ti máa fọwọ́ kan àpò ṣòkòtò rẹ̀, tí yóò máa wo ẹ̀yìn, kò sì ní pẹ́ tí ẹ máa gbọ́ ọ: "Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n padà. Ó jọ pé mi ò ti ilẹ̀kùn." Ó ti tì í o. Kò sígbà kan tí kò tì í. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ wa obìnrin, ìdajì ọ̀nà ló ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá wa fa ọmọ fún ọkọ. Nígbà tí òun fi máa dé, wọ́n ti ń ká àga. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò sì mọ̀ pé mò ń bínú, nítorí ilẹ̀kùn ló ń rò.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ayé ni pé kọ́kọ́rọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn méjì lè dúró sí lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín kún ara ògiri láti òkè dé ilẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń yún wọn wà lórí tábìlì, eruku irin sì máa ń wà nínú irun apá rẹ̀ bó bá dé lálẹ́. Bó bá yún kọ́kọ́rọ́ kan tán, yóò fẹnu fẹ́ ẹ, yóò fi àtàǹpàkò tọ́ eyín rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ní gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́ títí ọkàn rẹ̀ á fi gbà á. Gbogbo ìlú ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ mi sùn, òun nìkan ni kì í sùn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Aláwàdà ni, ọkùnrin tó lè gbàgbé bàtà rẹ̀ síta títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọdún kan ni olè wọ ilé oníbàárà rẹ̀ kan. Wọn ò fọ́ fèrèsé, wọn ò jálẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣílé wọlé bí ọmọ onílé. Ta ni wọ́n máa mú bí kò ṣe ẹni tó yún kọ́kọ́rọ́? Àwọn ọlọ́pàá wá gbé e níwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú àwọn tó ń ta bàtà àti àwọn tó ń rà á. Àgọ́ wọn ló ń sùn títí àṣírí fi tú pé àna onílé gan-an ló jí kọ́kọ́rọ́ lò. Wọ́n ní kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé pẹ̀lẹ́. Mo lọ mú un wálé, mo sì rí i pé ẹni tó wọ àgọ́ yẹn kọ́ ló jáde wá.

Láti ìgbà náà ló ti sọ ilé wa di ilé ìṣúra. Kápẹ́ńtà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ló bá wa kan ilẹ̀kùn tuntun, pákó tó nípọn tí wọ́n tẹ́ irin sí láàárín. Ó ní òun ò kan irú rẹ̀ rí fún báńkì pàápàá. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ṣe kọ́kọ́rọ́ tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ilé ò lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹni tó wà níta náà ò lè ṣí i. Irin sì wà lójú gbogbo fèrèsé. Mo bi í léèrè pé kí la ní nínú ilé tí olè máa fẹ́, àbí àga onírọ̀gbọ̀kú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán? Kò rẹ́rìn-ín.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Àwọn ìbejì wa ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ sílé wọn, ó wá ku èmi àti òun àti ilẹ̀kùn. Ó máa ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan láti wá wo ilé. Oníbàárà á dúró, á dúró, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́, mo gbààwẹ̀. Mo tiẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ lọ́jọ́ kan kó má baà rí ohun tó máa fi tì í. Ẹ má béèrè bí ọjọ́ yẹn ṣe rí.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù rárá. Mo ti ọjà dé, mo bá a níta lórí àpótí, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ti mú kí ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "mo tì í. Ojú mi ló rí i tí mo tì í. Kí ló dé tí ọkàn mi ò gbà?"

Ó bá bú sẹ́kún. Mo ti ń bá ọkùnrin yìí jà láti ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mo rí i pé ọkọ mi ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, bí mi ò bá sì tètè wá nǹkan ṣe, ẹni tó jókòó lórí àpótí yẹn ò ní dìde mọ́.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan ló dá wa lóhùn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kéré sí ọmọ mi lọ́jọ́ orí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò wo aago, kò rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò kó tó sùn, ó wá ní, "Bàbá, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ máa rìn. Ẹ jáde kúrò nínú ìlú, ẹ lọ síbi tí igi àti koríko wà. Ẹ fi fóònù sílẹ̀. Bí ọkàn yín bá ní kí ẹ padà, ẹ dúró díẹ̀, ẹ mí, ẹ tún ẹsẹ̀ kan gbé síwájú."

Inú bí mi. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, aláìsàn ni mo gbé wá, ẹ ní kó lọ máa ṣeré nínú igbó?"

"Ẹ bá a lọ, Mà," ó ní. "Ẹ ó rí i."

A bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti rọ̀. Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni a gbà, tó kọjá ibi tí wọ́n ti ń mọ bíríkì, títí dé òpó iná tó kẹ́yìn ìlú. Lẹ́yìn òpó yẹn kò sí ilé mọ́, ọ̀nà oko ló kù, tóóró láàárín koríko. Ibẹ̀ ni Ẹ-jẹ́-n-padà ti dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ kí kọ́kọ́rọ́ dún. Mo ní èmi gbọ́. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní bí kò bá tún ẹsẹ̀ kan gbé síwájú, èmi ni màá tì í mọ́ ìta lálẹ́ yẹn. A padà. A bá ilẹ̀kùn ní títì. 

Ṣùgbọ́n a tún lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A kọjá òpó, a dé ìdí igi kan tí wọ́n ti gé ẹ̀ka rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a dé afárá onípákó, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí bàtà sì ń rì. Lẹ́yìn afárá, ọ̀nà á yí, á gun òkè díẹ̀, á wá já sí odò kékeré kan tí kò jin ju orúnkún lọ. Àwọn lékeléke máa ń wà létí rẹ̀, bí a bá dé, wọ́n á sún sẹ́yìn díẹ̀, wọn ò ní fò.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: èmi tí mo bú nọ́ọ̀sì, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Bí a bá ti kọjá afárá, ohùn ọkọ mi máa ń yí padà. Èjìká rẹ̀ á wálẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, á sọ̀rọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó máa ń sùn lórí ìjókòó tí ẹnu rẹ̀ á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn! Mi ò mọ̀ pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí nílé.

"Ohun tí kò sí níbí ni kí o béèrè," ó ní. "Wo ọ̀tún, wo òsì. Ṣé o rí ilẹ̀kùn kankan?"

Mo jókòó sórí àpáta, mo ṣe bí ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀, nítorí omi ti lé sí mi lójú. Mo tún fẹ́ràn ọkọ mi níbi odò yẹn, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mi ò tijú láti sọ ọ́.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ kù. "Mà, bí ẹ bá ń bá wọn lọ ní gbogbo ìgbà, ẹ̀yin lẹ di kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ kàn lápò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dá lọ."

Ìyẹn le. Bí èmi bá wà nílé, tí mo ti ilẹ̀kùn fúnra mi, á padà wá béèrè bóyá mo tì í. Ohun tí a wá fẹnu kò sí ni pé òun ni yóò máa tì í láti ìta, yóò fà á wò lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kígbe pé, "Mo ti tì í o!" Èmi náà á dáhùn láti inú ilé pé, "Mo gbọ́ o! Ẹ máa lọ!" Bí mo bá ti dáhùn, ọ̀rọ̀ parí. Kò gbọdọ̀ padà. Kọ́kọ́rọ́ tèmi wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà àkọ́kọ́ tó dá lọ, ìdí òpó iná ló ti padà, ojú ń tì í bí ọmọ tó tọ̀ sílé. Nígbà kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo ní kò burú. Kò burú lẹ́nu mi ni, inú mi ń bàjẹ́.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ti ilẹ̀kùn, ó fà á, ó kígbe, mo dáhùn. Mo wà nínú ilé ìdáná, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ni. Mo yí padà pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì ṣubú gbàgà. Bàsíà ń dún lórí ilẹ̀. Ọkọ mi kò tíì jìnnà, ó gbọ́ ọ láti ojú títì.

"Ìyá Ìbejì! Kí ló ṣubú yẹn?"

Mi ò tíì mọ̀ pé mo ṣèṣe. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bó bá padà wọlé báyìí, á di ọ̀la, á di ọ̀tunla, gbogbo ohun tí a ti ṣe á dà nù. Mo gbé ohùn sókè láti ilẹ̀ níbẹ̀:

"Bàsíà ni! Ẹ máa lọ!"

 Mo mọ ohun tó ń ṣe lójú títì yẹn: ó dúró, ó ń mí bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ. Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ. Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Inú mi dùn lórí ilẹ̀ tútù yẹn, mo wá fẹ́ dìde, ara mi ò sì dìde. Ìrora tó gba ìbàdí mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbàdúrà rẹ̀ fún ọ̀tá mi.

Ìkérora mi ló gbé Kápẹ́ńtà wá. Ó yọjú láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, ó di irin mú lọ́tùn-ún lósì.

"Ìyá Ìbejì! Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń gbatẹ́gùn ni," mo ní. "Kápẹ́ńtà, ẹsẹ̀ mi ti kán."

"Kọ́kọ́rọ́ yín dà?"

"Ó wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹ rọra wọ́ débẹ̀."

"Ká ní mo lè wọ́, ṣé ẹ̀yin ni ǹ bá máa bá sọ̀rọ̀?"

Ó na ọ̀pá wọlé láti fèrèsé iwájú, ọ̀pá ò dé ìdí ìṣó. Ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó fi èjìká lù ú. Ó dà bí ẹni ń lu òkè. Ó padà wá sí fèrèsé, ó ń mí gùlegùle. "Ó dáa. Èmi ni mo kan férémù yẹn, mo mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ mú irin mi."

"Kápẹ́ńtà, ẹ ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn."

Ó wò mí. "Ṣé orí yín náà lulẹ̀ ni?"

Mo sọ fún un. Mo ní, "Bó bá dé tó bá ilẹ̀kùn ní fífọ́, ó ti parí. Láti ọdún wọ̀nyí, òní ló kọ́kọ́ gbà pé kò sí nǹkan kan, tó sì ń lọ. Bó bá gbọ́ pé òní gan-an ni nǹkan ṣẹlẹ̀, ta ni yóò tún sọ fún un pé kó máa lọ tí yóò gbọ́? Ìdí ilẹ̀kùn yìí ni yóò kú sí."

"Ẹ jẹ́ n sáré lọ pè é lọ́nà oko, nígbà náà."

"Ìyẹn burú ju kí ẹ fọ́ ilẹ̀kùn lọ."

Ó bú mi. Ó pè mí ní olórí kunkun, ó ní àwa méjèèjì la yẹ lọ rí nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ló lọ mú aṣọ ìbora ìyàwó rẹ̀, ó ká a, ó tì í wọlé láàárín irin, ó fi ọ̀pá sún un dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ju ike omi sí mi. Ó wá dojú korobá dé, ó jókòó lé e lábẹ́ fèrèsé, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ kí n má baà dákú. Ọ̀rọ̀ pákó ló ń sọ, èyí tó máa ń là bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èyí tí ikán kì í jẹ. Mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Mò ń wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀, mo sì ń gbàdúrà ohun méjì tó ń ta ko ara wọn: kí ọkọ mi tètè dé, kí ọkọ mi má tètè dé.

Kò tètè dé. Ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára ògiri tán kí n tó gbọ́ ìsúfèé rẹ̀ lókèèrè.

"Ẹ máa lọ," mo sọ fún Kápẹ́ńtà. "Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ò sí nílé lónìí, ẹ ò rí nǹkan kan."

Ó fi ọ̀pá wọ́ aṣọ ìbora àti ike omi jáde láàárín irin. Ó wò mí, ó lọ.

Kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn. "Ìyá Ìbejì! Mo dé odò! Mo dé odò, mo tiẹ̀ là á kọjá!" Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ojú rẹ̀ rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Ó wá rí mi nílẹ̀.

"Mo ṣubú," mo ní. "Báyìí báyìí ni. Mo gbọ́ ìsúfèé yín, mo fẹ́ sáré wá pàdé yín."

Ó kúnlẹ̀ tì mí.  "Èyí tí mo gbọ́ nígbà tí mò ń lọ ńkọ́?"

"Ṣebí mo sọ fún yín. Bàsíà ni."

Dókítà tó gbà wá nílé ìwòsàn tẹ ìbàdí mi, ó wo bó ṣe wú, ó wo àwọ̀ tó ti ṣú. Ó béèrè ìgbà tí mo ṣubú. Mo ní kò pẹ́ rárá. Ó wo ọkọ mi, ó wò mí. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ku èmi àti òun, ó ní, "Ìyá, irọ́ lẹ pa fún mi lánàá." Mo ní, "Dókítà, ẹ bá mi tọ́jú egungun. Ẹ fi irọ́ sílẹ̀ fún mi."

Egungun náà jinná, kò jinná dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì mi kúrú díẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀pá ni mo fi ń rìn báyìí, bí mo bá sì dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ó ti tó. Odò ti di ìtàn fún mi. Ọkọ mi ní òun ò ní lọ mọ́, òun á máa jókòó tì mí. Mo pariwo mọ́ ọn títí ó fi wọ bàtà. Kí ni mo wá fi ẹsẹ̀ mi ra fún un bí kò bá lọ?

Ó ń lọ. Ara rẹ̀ ti balẹ̀, a dúpẹ́. Ó ń ti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà ti padà, àwọn ọmọ àdúgbò tó ń dàgbà bọ̀ ò mọ̀ pé ó lórúkọ ìnagijẹ kankan. Nọ́ọ̀sì máa ń pè é kó wá bá àwọn mìíràn tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ sọ̀rọ̀, ìtàn kan ṣoṣo ló sì máa ń sọ fún wọn. Ó sọ ọ́ nílé wa náà lọ́jọ́ ìsinmi kan, Kápẹ́ńtà jókòó síbẹ̀.

"Mo gbọ́ gbàgà! Ọkàn mi ní padà, padà, ìyàwó rẹ ń kú lọ. Mo ní mi ò padà. Mo mí, mo gbé ẹsẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Bàsíà! Bàsíà lásán ló fẹ́ dá mi padà!" Ó fọwọ́ gbá itan Kápẹ́ńtà. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni ẹ̀rù ń pa fún mi."

Kápẹ́ńtà dìde. Ó ní òun sá pákó síta, òjò fẹ́ rọ̀. Kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Kì í sábà yà sílé wa mọ́. Bí a bá pàdé, á kí mi, á wo ọ̀pá mi, á wo ibòmíràn. Mi ò bínú sí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi ni mo ní ká dákẹ́.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni èyí. Bí ọkọ mi bá ti lọ, tí mo dá a lóhùn tán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì dún mọ́, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Okùn ni mo fi so kọ́kọ́rọ́ tèmi mọ́ ọrùn báyìí. Màá fọwọ́ kàn án. Màá dìde, màá ti ọ̀pá débi ilẹ̀kùn, màá kì í bọ̀ ọ́, màá ṣí i, màá tì í, kí n lè mọ̀ pé mo lè jáde. Màá padà lọ jókòó. Kò ní pẹ́ tí màá tún dìde. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé iná wà níbì kan nínú ilé. Nígbà mìíràn ọkọ mi ni mò ń rò, pé ó ti ṣubú létí odò, kò sì sẹ́ni tí yóò gbọ́. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì tún máa ń dìde. Bí mo bá gbọ́ ìsúfèé rẹ̀, màá nu ojú mi, màá béèrè ibi tó rìn dé.

Lóṣù tó kọjá, a lọ yẹ ẹsẹ̀ mi wò, a sì bá nọ́ọ̀sì pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa. Ó bá ọkọ mi ṣàwàdà, ó wá yíjú sí mi, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ bọ́ sára ọwọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé mo ti di kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi mú.

"Mà," ó ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ṣé ọkàn ẹ̀yin náà balẹ̀?"

"Ó balẹ̀ dáadáa," mo ní.

"Bí kò bá balẹ̀ nígbà kan, ẹ kúkú mọ ohun tí mo máa ń sọ. Ẹ jáde síta, ẹ lọ síbi tí koríko wà, ẹ máa rìn."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ mi. Ojú tì í, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi ló bá wa yanjú ẹ̀, ó fọwọ́ gbá mi mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìbejì kẹ̀! Kí ni yóò dẹ́rù ba ìyẹn?" ó ní. "Òun ló kọ́ mi ní ìrìn."

Mo bá a rẹ́rìn-ín.